ÌTÀN ẸGBẸ́ SHANGHAI
Bí Àwọn Aládùúgbò Mẹ́wàá Ṣe Parapọ̀ Láti Dènà Ìpániláyà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ní ilé, tí ó sì ní aládùúgbò. Bí olè bá ń ti inú ọgbà ẹnìkan bọ́ sínú ọgbà ẹnìkejì, kí ni àwọn onílé méjèèjì yóò ṣe, bí ó bá jẹ́ pé àwọn fúnra wọn kò tíì fi ojú rere wo ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́ wá? Bí wọ́n bá sì parapọ̀ láti mú olè, ta ni yóò sọ ẹni tí í ṣe olè àti ẹni tí kì í ṣe olè? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni a ó máa fi sọ́kàn bí a ti ń tọ ipasẹ̀ ìtàn ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Ẹgbẹ́ Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Shanghai, èyí tí ó so àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá Éṣíà àti apá kan Yúróòpù pọ̀ nítorí ààbò.

I. Ọ̀RỌ̀ ÀÀLÀ NI Ó BẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Ní oṣù kẹta ọdún 1969, àwọn ọmọ-ogun Ṣáínà àti àwọn ọmọ-ogun ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì, tí Rọ́ṣíà jẹ́ olórí rẹ̀, yìnbọn pa ara wọn nítorí erékùṣù kékeré kan nínú odò Ussuri. Àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní Zhenbao, àwọn ará Rọ́ṣíà sì ń pè é ní Damansky. Bí a bá fi ojú òwò wò ó, erékùṣù náà kò tó ohun tí ènìyàn ń kú lé lórí. Ṣùgbọ́n orí ààlà ni ó wà, ẹni tí a bá sì gba ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ààlà a máa bẹ̀rù pé odindi oko ni a ó gbà lọ́la. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ni ó ní ohun ìjà átọ́míìkì, nítorí náà ìjà kékeré yìí dẹ́rù ba gbogbo ayé. Láti ìgbà náà títí di nǹkan bí ogún ọdún, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ-ogun ni ó dojú kọ ara wọn ní ìhà méjèèjì ààlà tí ó gùn ju 7,000 kìlómítà lọ.

Nígbà tí ó di ìparí ọdún 1991, ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó jáde láti inú rẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn tuntun yìí, èyíinì ni Kasakístánì, Kírígístánì àti Tajikístánì, bá ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣáínà lójijì, wọ́n sì jogún ìjà ààlà tí wọn kò dá sílẹ̀. Báyìí ni ó fi di pé ẹni márùn-ún ni ó ní láti jókòó sọ ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì ń sọ tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1996, àwọn olórí márùn-ún yìí pàdé ní ìlú Shanghai, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Wọ́n gbà pé àwọn kì yóò kọlu ara wọn, àti pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe ohun pàtàkì kan pẹ̀lú ọmọ-ogun rẹ̀ láàárín 100 kìlómítà sí ààlà yóò kọ́kọ́ fi tó ẹnìkejì létí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1997, wọ́n tún pàdé ní Moscow, wọ́n sì ṣe àdéhùn láti dín iye ọmọ-ogun tí ó wà ní àgbègbè ààlà kù. Orúkọ tí ayé fún wọn nígbà náà ni Àwọn Márùn-ún ti Shanghai.

A fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Kì í ṣe ìfẹ́ ni ó kó wọn jọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èdè kan tàbí ìgbàgbọ́ kan. Ohun tí ó kó wọn jọ ni pé kí olúkúlùkù lè mọ iye ìbọn tí ó wà lẹ́yìn odi ẹnìkejì, kí ó sì lè sùn. Àwọn kan sì san owó ńlá fún oorun yìí. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Tajikístánì fọwọ́ sí àdéhùn ààlà ní ọdún 2011, nǹkan bí 1,000 kìlómítà níbùú lóròó ilẹ̀ òkè ni ó bọ́ sọ́wọ́ Ṣáínà.

II. ÌJÌ LÁTI ÌHÀ GÚÚSÙ

Bí wọ́n ti ń wọn ilẹ̀ lọ́wọ́ ni ewu mìíràn dé, èyí tí okùn ìwọnlẹ̀ kò lè dá dúró. Láti ọdún 1992 ni ogun abẹ́lé ti ń jà ní Tajikístánì, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, a kò sì fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà títí di oṣù kẹfà ọdún 1997. Ní Afuganístánì, ní ìhà gúúsù rẹ̀, àwọn Taliban gba ìlú Kabul ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1996. Ìbọn pọ̀ káàkiri, àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní iṣẹ́ sì pọ̀. Láàárín rúdurùdu yìí, ní nǹkan bí ọdún 1998, àwọn ọkùnrin méjì kan láti Úsíbẹ̀kístánì, Tohir Yo'ldosh àti Juma Namangani, dá ẹgbẹ́ ológun kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Ẹgbẹ́ Ìsìláàmù ti Úsíbẹ̀kístánì, wọ́n sì búra láti bi ìjọba ilẹ̀ wọn ṣubú.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 1999, bọ́ǹbù bú gbàù ní ibi púpọ̀ ní Tashkent, olú-ìlú Úsíbẹ̀kístánì. Ènìyàn 16 kú, àwọn tí ó fara pa sì ju 100 lọ. Ìjọba Ààrẹ Islam Karimov di ẹ̀bi náà ru ẹgbẹ́ yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó ènìyàn púpọ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn oníbọn ẹgbẹ́ yìí sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Tajikístánì, wọ́n wọ agbègbè Batken ní Kírígístánì, wọ́n sì fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá sí Úsíbẹ̀kístánì. Wọ́n jí àwọn ènìyàn gbé, àwọn ará Japan mẹ́rin tí ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí òkúta ilẹ̀ sì wà lára wọn. Ó di oṣù kẹwàá kí àwọn wọ̀nyí tó rí ìdáǹdè.

Ẹni tí ó bá mọ àfonífojì Fergana ni yóò mọ ìdí rẹ̀ tí ọ̀nà fi là fún àwọn oníbọn bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni ó pín àfonífojì yìí láàárín ara wọn, ààlà tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì sì fà níbẹ̀ wọ́ kọ́rọkọ̀rọ bí ipa ejò. Ibì kan wà tí a ń pè ní Sokh, tí ó jẹ́ ti Úsíbẹ̀kístánì, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ Kírígístánì yí i ká pátápátá. Òmíràn wà tí ń jẹ́ Vorukh, tí ó jẹ́ ti Tajikístánì, inú Kírígístánì ni òun náà sì wà. Ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè kan yóò lé ènìyàn dé etí ààlà, yóò sì dúró. Ẹni tí a ń lé kò ní dúró. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àìgbẹ́kẹ̀lé àárín àwọn aládùúgbò ni ẹnu tí ògiri yìí là.

A kò sì gbọdọ̀ ṣìnà lórí ọ̀rọ̀ ìsìn. Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn ará àfonífojì náà, àgbẹ̀ àti ọlọ́jà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n, àwọn ni ìjàm̀bá náà sì kọ́kọ́ dé bá. Ẹni tí ó bá ka ẹ̀ṣẹ̀ oníbọn díẹ̀ sí odindi ìjọ ènìyàn lọ́rùn ti ṣe iṣẹ́ tí oníbọn fẹ́ kí ó bá òun ṣe.

III. ÌWÉ ÀDÉHÙN ÀTI ILÉ-IṢẸ́ TASHKENT

Nítorí ewu yìí ni Úsíbẹ̀kístánì, tí kò bá Ṣáínà tàbí Rọ́ṣíà pààlà rárá, fi wá jókòó pẹ̀lú àwọn márùn-ún náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2001, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dá Ẹgbẹ́ Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Shanghai sílẹ̀, ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn láti gbógun ti ohun mẹ́ta: ìpániláyà, èyíinì ni pípa ènìyàn láti dẹ́rù ba ìlú, ìyapa, èyíinì ni fífi ipá gé apá kan ilẹ̀ kúrò lára orílẹ̀-èdè, àti àṣejù, èyíinì ni fífi ipá gba ìjọba tàbí yí i padà. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ń pe àwọn wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọjọ́ náà ṣáájú ìkọlù tí ó wó ilé gogoro méjì ní New York ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta jí, àwọn wọ̀nyí ti kọ tiwọn sínú ìwé.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2002, ní ìlú St. Petersburg, wọ́n fọwọ́ sí òfin ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì pinnu láti dá Ilé-iṣẹ́ Ìdènà Ìpániláyà ti Àgbègbè sílẹ̀. Bishkek ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn láti fi ṣe ibùjókòó rẹ̀, ṣùgbọ́n Tashkent ni ó bọ́ sí, a sì ṣí i níbẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2004. Ọ́fíìsì àgbà ẹgbẹ́ náà wà ní Beijing láti oṣù kìíní ọdún kan náà. Èdè méjì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́: èdè Rọ́ṣíà àti èdè Ṣáínà.

Kí ni ilé-iṣẹ́ Tashkent yìí ń ṣe? Kò ní ọmọ-ogun tirẹ̀. Kò ní ilé ẹjọ́, kò sì ní ẹ̀wọ̀n. Olúkúlùkù orílẹ̀-èdè rán àwọn aṣojú rẹ̀ síbẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń pín láàárín ara wọn ni ìròyìn. Bí a bá mọ orúkọ ẹni tí ó rà ohun tí a fi ń ṣe bọ́ǹbù ní ìlú kan, a ó sọ ọ́ fún ìlú kejì. Wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn ènìyàn tí ìjọba wọn ń wá. Wọ́n ń ṣètò bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ààlà yóò ṣe ṣiṣẹ́ ní ìgbà kan náà, wọ́n sì ń bá wọn ṣètò ìdánrawò ogun. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002, Ṣáínà àti Kírígístánì ṣe ìdánrawò pọ̀ lórí ààlà wọn, èyí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ-ogun Ṣáínà ti ìsinsìnyí bá ọmọ-ogun ilẹ̀ mìíràn ṣe irú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí ìbọn tí ó dún ní odò Ussuri yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Láti ìgbà náà ni ilé ti ń gbòòrò sí i. Íńdíà àti Pakístánì wọlé ní ọdún 2017, Ìráànì ní ọdún 2023, Bẹlarúsì ní ọdún 2024. Báyìí ni wọ́n fi pé mẹ́wàá.

IV. TA NI YÓÒ PE ẸLÒMÍRÀN NÍ APÁNILÁYÀ?

A ti sọ ohun rere rẹ̀; òtítọ́ kò sì ní jẹ́ kí a dákẹ́ lórí ìyókù. Nínú ohun mẹ́ta tí ẹgbẹ́ náà dìde sí, àkọ́kọ́ hàn gbangba sí gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá fi bọ́ǹbù sínú ọjà ti pa ara rẹ̀ lórúkọ dà. Ṣùgbọ́n ìyapa àti àṣejù jẹ́ aṣọ tí ọba lè dá fún ẹni tí ó bá wù ú. Ìwé àdéhùn náà sọ pé ipá gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìṣe, ẹni tí ó kọ ìwé lòdì sí ìjọba, àti ẹni tí ń gbàdúrà ní ibi tí ìjọba kò fọwọ́ sí, ti bá ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ apànìyàn nínú àkọsílẹ̀ kan náà ní àwọn kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá sì sá jáde nílùú rẹ̀ lè rí i pé ìlú tí òun sá wọ̀ ti gba orúkọ òun kí òun tó dé.

Ọ̀rọ̀ àwọn Uyghur ní Xinjiang, ní ìwọ̀ oòrùn Ṣáínà, ni ó wúwo jùlọ. Òótọ́ ni pé a ti pa àwọn aláìṣẹ̀ ní Ṣáínà: ní oṣù kẹta ọdún 2014, àwọn kan fi ọ̀bẹ pa ènìyàn 31 ní ibùdókọ̀ ojú irin Kunming. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2017 ni ìjọba ti kó ogunlọ́gọ̀ Uyghur sí àtìmọ́lé, ó sì ń sọ pé nítorí ìdènà ìpániláyà ni. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2022, ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé ìwà tí a hù níbẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọ aráyé. Ṣáínà sẹ́ ẹ̀sùn náà. Àwọn àgbà wa ní òwe kan tí ó tọ́ kí a kọ sí ara ògiri gbogbo ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ilé tí a ti ń gba ẹ̀sùn láìgbọ́ tẹnu ẹni tí a fi sùn, bí ó bá mú olè mẹ́sàn-án, yóò mú aláìṣẹ̀ kan mọ́ wọn, ilé aláìṣẹ̀ náà ni àwọn oníbọn yóò sì lọ wá ọmọ-ẹ̀yìn sí.

Ẹ tún wo bí orúkọ náà ti ń yí padà. Ní ọdún 2003, Rọ́ṣíà kọ orúkọ àwọn Taliban sínú ìwé àwọn apániláyà. Àwọn Taliban tún gba Kabul ní oṣù kẹjọ ọdún 2021. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Rọ́ṣíà gbé òfin tí ó ká wọn lọ́wọ́ kò tì sápá kan, nígbà tí ó sì di oṣù keje, Rọ́ṣíà gbà wọ́n ní ìjọba tòótọ́. Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn oníbọn wọ gbọ̀ngàn orin Crocus lẹ́bàá Moscow, wọ́n sì pa ènìyàn tí ó lé ní 140. Ẹgbẹ́ kan tí ó jẹ́ ọ̀tá àwọn Taliban pàápàá ni ó sọ pé òun ni ó ṣe é. Ọmọ Tajikístánì ni púpọ̀ nínú àwọn tí a mú. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láti Tajikístánì tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ ni ojú pọ́n ní Rọ́ṣíà, a dá wọn dúró ní pápákọ̀ òfurufú, a sì lé púpọ̀ padà sílé. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni orílẹ̀-èdè méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀.

V. ÌDÁNWÒ

Ọjọ́ ìpọ́njú ni a ń mọ ọ̀rẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, ìjà láàárín àwọn Kírígísì àti àwọn Úsíbẹ̀kì bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Osh, ní gúúsù Kírígístánì, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 400 lọ. Roza Otunbayeva, tí ó di ìjọba mú nígbà náà, bẹ Rọ́ṣíà pé kí ó rán ọmọ-ogun wá. Rọ́ṣíà kò rán wọn. Ẹgbẹ́ Shanghai náà kò dá sí i ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, nítorí òfin rẹ̀ ni pé ẹnìkan kì yóò dá sí ọ̀rọ̀ inú ilé ẹnìkejì. Bí iná bá ń jóni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni ni à á kọ́kọ́ gbọ̀n.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn olórí ẹgbẹ́ náà jókòó ní Samarkand, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni àwọn ọmọ-ogun Kírígístánì àti Tajikístánì, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ láti ìpìlẹ̀, ń yin àgbá sí ara wọn ní Batken. Nǹkan bí 100 ènìyàn ni ó kú. Ní ọdún 2025 ẹ̀wẹ̀, lẹ́yìn tí a pa ènìyàn 26 ní Pahalgam ní Kashmir ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin, Íńdíà di ẹ̀bi náà ru Pakístánì, Pakístánì sẹ́, àwọn méjèèjì sì bá ara wọn jà ní oṣù karùn-ún. Nígbà tí àwọn mínísítà ààbò ẹgbẹ́ náà pàdé ní Qingdao ní oṣù kẹfà, Íńdíà kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé ìpàdé, nítorí a kò dárúkọ Pahalgam nínú rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ yìí, bí ẹnìkan bá kọ̀, ọ̀rọ̀ kò lè di ìpinnu. Ó di ìpàdé àwọn olórí ní Tianjin, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, kí wọ́n tó rí ìwé kan tí gbogbo wọn fọwọ́ sí: a dá ìpànìyàn Pahalgam lẹ́bi nínú rẹ̀, a sì dá ìpànìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀ Pakístánì náà lẹ́bi. Ó lè dàbí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n Íńdíà kò gbàgbé ènìyàn 166 tí a pa ní Mumbai ní ọdún 2008, Pakístánì kò sì gbàgbé àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ó ju 130 lọ tí a pa ní Peshawar ní ọdún 2014. Kí àwọn méjèèjì tó lè fi orúkọ òkú ara wọn sínú ìwé kan náà, iṣẹ́ ni.

VI. ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀ WA

Kí a tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí a padà sí Batken, níbi tí àwọn oníbọn ti sọ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1999, tí àwọn ọmọ-ogun ìjọba méjì sì tún ti bá ara wọn jà ní ọdún 2022. Lẹ́yìn ìjà náà, Kírígístánì àti Tajikístánì jókòó, wọ́n wọn ààlà wọn ní òkè dé òkè, ní odò dé odò, ọgbà dé ọgbà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Sadyr Japarov àti Ààrẹ Emomali Rahmon fọwọ́ sí àdéhùn ààlà ní Bishkek. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, Ààrẹ Shavkat Mirziyoyev ti Úsíbẹ̀kístánì bá wọn pàdé ní Khujand, àwọn mẹ́ta sì fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ilẹ̀ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ Tashkent ni ó ṣe èyí fún wọn. Àwọn aládùúgbò fúnra wọn ni ó ṣe é, bí àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ti ṣe é ní ọdún 1996.

Ohun tí a rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé pípín ìròyìn dára, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ kan ni kí àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ parí ìjà àárín ara wọn, nítorí ẹni tí ń ṣọ́ aládùúgbò rẹ̀ kò ní ojú tí yóò fi ṣọ́ olè. Ẹsẹ̀ kejì ni ìdájọ́ òdodo, kí a máa gbọ́ tẹnu ẹni tí a fi sùn kí a tó fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Shanghai ti gbé ẹsẹ̀ kìíní sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń kọsẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹsẹ̀ kejì ni a kò tíì rí kí ó fi tẹ ilẹ̀ dáadáa. Títí tí yóò fi tẹ̀ ẹ́, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ní Peshawar àti ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé ní Xinjiang láìsí ìdájọ́ yóò jọ máa béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ àwọn olórí mẹ́wàá yìí: kí ni ẹ fi orúkọ ààbò ṣe fún wa?